Orí Kẹrin: Owó Ọwọ́ Rẹ àti Ọjà Tó Yẹ Kí O Ná

Bi ẹnikẹ́ni tó ń rán báàgì aṣọ-òkè ní Ọ̀fà léèrè pé èló ni báàgì kan ń ná an. Á ka owó aṣọ fún ọ, á ka ti awọ, síìpù, láínìn àti òwú. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ owó, á fi ti epo jẹnẹrétọ̀ kún un. Lẹ́yìn náà á dákẹ́. Gbogbo wákàtí tó fi jókòó sídìí ẹ̀rọ kò sí nínú ìṣirò, àfi bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bá a lo ọwọ́. Inú ṣọ́ọ̀bù ni òwò iṣẹ́ ọwọ́ ti sábà máa ń kú, kó tó dé ọjà rárá. Ìdí nìyẹn tí n óò fi pẹ́ díẹ̀ lórí owó ọwọ́ kí a tó kó ẹrù lọ sí ìpàtẹ kankan. Báàgì ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n aláró, onílẹ̀kẹ̀ àti ẹni tó ń hun fìlà lè fi tiwọn rọ́pò rẹ̀.

Ìwọ náà ń gbowó iṣẹ́

Ní July 2024 ni ìjọba àpapọ̀ gbé owó oṣù tó kéré jù lọ dé 70,000 náírà. Pín in fún ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú oṣù, kí o tún pín ti ọjọ́ kan fún wákàtí mẹ́jọ. Ohun tó máa jáde lé díẹ̀ ní 330 náírà fún wákàtí kan. Ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn o. Owó ẹni tí kò tíì kọ́ṣẹ́ kankan ni. Ìwọ tí o sin ọ̀gá fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n ṣe fíríìdọ̀mù fún, tí ẹbí wọṣọ wá bá ọ jó lọ́jọ́ náà, kò yẹ kí o bá ẹni yẹn dọ́gba. Mú iye kan tí ojú kò ní tì ọ́ láti sọ síta, kí o sì kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Níhìn-ín, n óò fi í sí 800 náírà ní wákàtí kan.

Lẹ́yìn iye, ó kan àkókò. Ọ̀pọ̀ wa kò mọ bí iṣẹ́ kan ṣe ń pẹ́ tó nítorí pé ìdábọ̀-ìdábọ̀ la fi ń ṣe é: a gé awọ láàárọ̀, a lọ kí ẹni tó bímọ, a padà dé, iná lọ, a sùn. Fi fóònù rẹ ka àkókò. Tẹ̀ ẹ́ nígbà tí o bá jókòó, dá a dúró nígbà tí o bá dìde, kí o ṣe bẹ́ẹ̀ fún báàgì mẹ́ta tó jọra. Má fi èyí tó yá jù ṣe ìṣirò, nítorí ọjọ́ tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé kì í pọ̀. Èyí tó wà láàárín ni kí o mú.

Ká ní wákàtí mẹ́fà ni, owó ọwọ́ rẹ jẹ́ 4,800. Ká ní ohun èlò jẹ́ 5,200. Owó ṣọ́ọ̀bù, epo àti àtúnṣe ẹ̀rọ, tí o bá pín in káàkiri iye báàgì tí o ń rán lóṣù, jẹ́ 1,000. Báàgì náà ti gba 11,000 kó tó kúrò nílẹ̀. Ó wá ku owó ọjà. O fẹ́ lọ sí ìpàtẹ ní Ìlọrin: owó ìsọ̀ 20,000, mọ́tò lọ-bọ̀ pẹ̀lú ẹrù 12,000, oúnjẹ àti ọ̀rá ìdìjà 4,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 36,000. Bí o bá gbàgbọ́ pé o máa ta báàgì mẹ́rìnlélógún, 1,500 ló bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé 12,500 ni báàgì ń ná ọ. Fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e, 2,500, kí òwò lè ní èrè tirẹ̀ lọ́tọ̀. O ti dé 15,000.

Àpẹẹrẹ ni gbogbo iye yìí, tìrẹ lè yàtọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọjà bá kutà. Bí báàgì méjìlá péré bá tà, owó ìpàtẹ tó bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan di 3,000, báàgì di 14,000, èrè di 1,000. Síbẹ̀ o kò tíì jẹ gbèsè, nítorí owó ọwọ́ rẹ ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ka owó ọwọ́, tó tà á ní 9,000 lójú ọjà kan náà, á padà wálé pẹ̀lú àpò òfìfo, á máa rò pé òun jèrè nítorí pé owó kọjá lọ́wọ́ òun.

Má sì jẹ́ kí iye kan jókòó tì ọ́ fún ọdún méjì. Ní May 29, 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo bẹntiróòlù tó wà ní nǹkan bí 190 náírà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 500, ó tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Àwọn tó ti gba iṣẹ́ àádọ́ta báàgì fún ìyàwó ọ̀ṣìngín ṣáájú ọjọ́ yẹn, tí wọ́n ti fẹnu sọ iye, ni wọ́n mọ ohun tí ojú wọn rí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ gbogbo iye tí wọ́n bá fún oníbàárà: iye yìí dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí iṣẹ́ tó jáde

N kò ní fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, ọ̀gá rẹ ti ṣe ìyẹn. Ohun kan ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó ń ta àdìrẹ tàbí ohun tí a fi àdìrẹ rán: dán aró wò. Rẹ ègé tẹ́rù funfun kan sómi, fún un dáadáa, fi ra aṣọ náà nígbà ogún, kí o wá wo tẹ́rù náà. Bó bá ti ní àwọ̀, padà sẹ́yìn, tún aṣọ fọ̀, tún un ṣàn. Ẹni tó bá wọ aṣọ rẹ lọ síbi wòlímọ̀, tí aró sì dà sára léèsì funfun ẹni tó jókòó tì í, kò ní dákẹ́ nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, sódà àti aró àtòkèèrè dé, iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n àríwísí lórí bí aṣọ ṣe dára tó pọ̀ débi pé Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de lílo wọn. Àwọn obìnrin aláró kò gbà. Wọ́n jà á dé ọ̀dọ̀ ìjọba òyìnbó, ẹjọ́ náà sì dé iwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí kan ní 1936. Èrò tèmi ni pé sódà kọ́ ni ọ̀tá. Ọ̀tá ni kí o má mọ ìwọ̀n rẹ̀. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí o sì fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, má fojú díwọ̀n.

Bó bá jẹ́ ọṣẹ tàbí ìpara lò ń ṣe, NAFDAC ti wọ ọ̀rọ̀ náà, o kò sì gbọdọ̀ gbé e lọ sí ìpàtẹ láìjẹ́ pé o ti bá wọn sọ̀rọ̀. Báàgì, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ kò ní wàhálà yẹn. Ṣùgbọ́n forúkọ òwò rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Ọ̀pọ̀ ìpàtẹ ńlá ló máa bi ọ́, báńkì náà á sì bi ọ́ bí o bá fẹ́ kí àkáǹtì máa jẹ́ orúkọ òwò.

Ọjà wo ni kí o ná?

Ọ̀fà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń fẹ́ sáré lọ sí Èkó tàbí Àbújá, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ kan wà nínú ọdún tí owó ń wá bá wa nílé. Ìparí ọdún, nígbà tí àwọn ọmọ Ọ̀fà bá ti Èkó, Ìbàdàn àti Kánò dé, tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa gbé padà fún ọ̀rẹ́ wọn. Ọdún Ìjàkadì. Iléyá. Ọjọ́ tí Poli, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀fà, bá ń fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìwé ẹ̀rí, nígbà tí òbí bá kún ìlú, tí kò sí ẹni tó fẹ́ kí ọmọ òun gba ẹ̀bùn tó jọ ti ẹlòmíràn. Láti 1992 tí wọ́n ti dá Poli sílẹ̀ ni àwọn ọmọ tó wá kàwé ti ń wá láti ìlú tí a kò dé rí. Báàgì kan tó bá bá wọn lọ sílé ń bá ọ polówó ọjà níbẹ̀. Ọjọ́ ọjà lásán ní Ọwọ́dé kò dára tó bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ tó wọ́n. Ẹni tó wá ra ànàmọ́ àti ata kò mú 15,000 dání fún báàgì. Ohun kékeré ni kí o kó lọ síbẹ̀.

Ìlú wa wà ní ojú ọ̀nà rere. Ojú irin ló sọ Ọ̀fà di ibi tí ẹrù ń gbà kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, títì ló sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí: Ìlọrin wà lápá kan, Òṣogbo wà lápá kejì, o lè lọ sí èyíkéyìí nínú wọn kí o sì padà wá sùn nílé. Ìlọrin dára nígbà Dọ́bà lẹ́yìn Iléyá. Òṣogbo dára ní August, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, pàápàá láti ìgbà tí UNESCO ti ka igbó náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, tí àlejò láti òkèèrè ti ń wá. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí èrò tàn ọ́ jẹ. Èrò ọdún wá ṣọdún ni. Wọ́n á kọjá níwájú àtẹ rẹ lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ra ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ àti ohun tó wọ àpò. Ìpàtẹ tí ẹgbẹ̀rún kan wá sí láti rajà sàn ju ọdún tí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wá wòran.

Bí iṣẹ́ rẹ bá ti dúró, tí o ti ní báàgì tó ọgọ́rin ní ilé láìsí gbèsè, o lè wá ronú nípa ìpàtẹ àgbáyé ti Èkó tí wọ́n máa ń ṣe ní November, tàbí ti iṣẹ́ ọnà àti iṣẹ́ ọwọ́ tí àjọ NCAC ń ṣe ní Àbújá, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Níbẹ̀ ni àwọn tó ń rajà lọ tà lókè òkun máa ń wá. Ìpàtẹ Ouagadougou, SIAO, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, tí wọ́n sì máa ń ṣe lọ́dún méjì-méjì, ni bàbá gbogbo wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ kò rọrùn lásìkò yìí, má fi ṣe ìrìn-àjò àkọ́kọ́.

Ẹni kan wà tí mo fẹ́ kí o mọ ìtàn rẹ̀. Ọmọ Ọ̀fàtẹ̀dó ni Gàsálì Adéyẹmọ, ìlú tí àwọn ọmọ Ọ̀fà dá sílẹ̀ nítòsí Òṣogbo. Ó kọ́ àdìrẹ níbi tí Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, kó tó lọ sí Amẹ́ríkà, tó fi Santa Fe ní New Mexico ṣe ilé. Ìlú yẹn ni wọ́n ti ń ṣe ọjà iṣẹ́ ọwọ́ àgbáyé kan lọ́dọọdún láti 2004. Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í ṣe aṣọ nìkan ló ń tà. Ó ń kọ́ ènìyàn: bí a ṣe ń so aṣọ, bí a ṣe ń fi ẹ̀kọ yà á, bí a ṣe ń rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n sì ń sanwó wá kọ́ ọ. Kò sí ìdí tí ìwọ náà kò fi lè gbé ìkòkò aró kékeré kan lọ síbi àtẹ, kí o gbowó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Poli mẹ́wàá láti so áńkáṣíìfù tiwọn fúnra wọn. Ohun èlò rẹ̀ kò wọ́n, ìkòkò náà á sì pe èrò sídìí àtẹ rẹ ju pátákó èyíkéyìí lọ.

Nídìí àtẹ

Dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Gbé àtẹ sókè; ohun tó bá wà nílẹ̀ ń dín iye ara rẹ̀ kù lójú ẹni tó ń kọjá. Fi báàgì tó dára jù síbi tí ojú máa kọ́kọ́ rí, kódà bí o kò bá retí pé ẹnikẹ́ni máa rà á, nítorí òun ló ń jẹ́ kí èyí tó tẹ̀lé e dà bí ọ̀pọ̀. Má fi aṣọ-òkè sínú oòrùn tààrà. Ní December, ọyẹ́ á da eruku sórí gbogbo nǹkan funfun, nítorí náà mú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ dání. Ní August, òjò ni, mú ọ̀rá fífẹ̀ tó lè bo gbogbo àtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe kéékèèké.

Kó ohun tó wà láàárín 500 sí 2,000 náírà wá pẹ̀lú: ìdè irun, ìdè kọ́kọ́rọ́, àpò fóònù, gbogbo ohun tí a lè fi àjákù aṣọ-òkè rán. N óò padà sórí wọn láìpẹ́.

Ìnájà

Ní Ọwọ́dé àti níbikíbi tí wọ́n ti ń ná ọjà, fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lé iye rẹ kí o tó pè é. Ní Àbújá àti níbi ìpàtẹ ńlá, kọ iye sára ọjà, kí o sì dúró lórí rẹ̀. Wo bó ṣe ń lọ nílé:

Màmá kan dúró. Ó gbé báàgì, ó ṣí síìpù, ó pa á dé, ó tún ṣí i.

"Ẹ kú ọjà o. Èló ni eléyìí?"

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún ààbọ̀ ni."

"Háà! Ṣé òun ló máa gbé mi délé ni? Gba ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ."

"Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ẹ wo inú rẹ̀, láínìn méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún wá."

"Mẹ́wàá. Èmi ni mo fẹ́ ṣíjà fún ẹ, má lé mi lọ."

"Màmá mi, n kò ní lé yín. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kẹ́yìn, n óò sì fi àpò fóònù yìí ṣe èènì fún yín. Aṣọ kan náà ni wọ́n."

Ó gba àpò fóònù náà, ó fi lé ara báàgì, ó wò ó. Ó sanwó.

Ẹni tó bá ṣí síìpù lẹ́ẹ̀mejì ti fẹ́ rajà, owó ló kù tí ẹ ń sọ. Bí o bá ti dín in dé 10,000 fún un, wákàtí mẹ́fà rẹ lo fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tún kù. Èènì tí o fún un jẹ́ àjákù tí ì bá wọ inú garawa ìdọ̀tí, tí o fi ogún ìṣẹ́jú rán. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú orí yìí, bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni o máa mú lò, mú èyí: fi èènì dáhùn, má fi iye dáhùn.

Ẹlòmíràn á sọ fún ọ pé òun rí irú rẹ̀ ní ìdajì owó. Òótọ́ ló ń sọ. Àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà kún ọjà, kò sì sí bí ọwọ́ ṣe lè bá ẹ̀rọ díje lórí owó. Ìlọrin mọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́: àwọn tó ń gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lántànà láti ara òkúta pupa, iṣẹ́ tí ìlú náà lókìkí fún, ni ìlẹ̀kẹ̀ òkè òkun tó dínwó lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Yí ẹ̀yìn aṣọ tìrẹ sójú oníbàárà, kó rí i pé àwọ̀ kọjá síbẹ̀. Ti ẹ̀rọ kì í sábà kọjá bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣì fẹ́ ti ìdajì owó, júwe ọ̀nà fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Òmíràn máa ń padà wá.

Ní ti àwìn, àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìgboyà láti lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí owó á fi jáde. Bí o kò bá ní irú ojú bẹ́ẹ̀, má tà láwìn.

Owó gbígbà

Ìgbà tí náírà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ti kọ́ gbogbo wa pé kí a gba tiránsífà. Kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ gàdàgbà sára páálí, kí o má máa pè é lẹ́nu láàárín ariwo. Má jẹ́ kí ọjà kúrò lọ́wọ́ rẹ nítorí pé wọ́n fi ojú fóònù hàn ọ́; àkáǹtì tìrẹ ni kí o wò. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń dá ọ láàmú, ní àkáǹtì ní báńkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Owó tútù tó bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ sí báńkì tàbí sọ́dọ̀ oní-POS kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó wà ní Ọ̀fà ní April 5, 2018, ọjọ́ tí àwọn adigunjalè ya bo àwọn báńkì ìlú, kò ní bi mí nídìí.

Lẹ́yìn ọjà

Alẹ́ ọjọ́ náà ni kí o ka ohun tó kù, kì í ṣe ọ̀la. Kọ ohun tó tà, iye tó tà á, àti ohun tí wọ́n béèrè tí o kò ní. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì: bí ènìyàn mẹ́rin bá béèrè báàgì tó ní okùn gígùn, o ti mọ ohun tí o máa rán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn tó gba nọ́ńbà rẹ nítorí iṣẹ́ ńlá, ẹ̀bùn tí wọ́n fẹ́ pín níbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, kọ̀wé sí wọn lórí WhatsApp láàárín ọjọ́ méjì. Fi fọ́tò ohun tí wọ́n dì mú nídìí àtẹ ránṣẹ́, pẹ̀lú iye, ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí, àti owó àsansílẹ̀. Ìdajì ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n san, kò gbọdọ̀ kéré sí owó ohun èlò. Má ra aṣọ kankan kí owó náà tó wọlé, kódà bó bá jẹ́ àǹtí rẹ ló ń ṣe ìyàwó. Bí wọ́n bá dákẹ́, pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o bi wọ́n bóyá ọjọ́ ayẹyẹ ti yí padà, nítorí ó máa ń yí. Bí èsì kò bá sì wá lẹ́yìn ìyẹn, pa orúkọ wọn rẹ́ nínú ìwé iṣẹ́ oṣù náà, kí o fi àyè wọn gba iṣẹ́ ẹlòmíràn.